Ọkọ̀ sójà tẹ́ ẹ rí ní gbàǹjo Amẹ́ríkà: ẹ béèrè ọ̀nà kẹ́ ẹ tó sanwó

Kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí wọn ò ní fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ọkọ̀ sójà gbàǹgbà, aláwọ̀ ewé, táyà ẹ̀ ga tó àyà èèyàn, owó tí wọ́n kọ sí i lára níbi gbàǹjo sì lè má tó ti Camry tòkunbọ̀, wọ́n á wá kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé "Ẹ̀gbọ́n, èló lẹ máa bá mi gbé e dé Èkó?" Iṣẹ́ síípìn ni mò ń ṣe níbí ní Baltimore, ọkọ̀ ńláńlá ló sì pọ̀ jù nínú ẹrù tí mò ń bá èèyàn gbé, torí náà mo mọ nǹkan tó ń wọ̀ wọ́n lójú, èmi náà fẹ́ràn ọkọ̀ yẹn jàre. Ṣùgbọ́n kí n tó dárúkọ owó kankan, nǹkan méjì ni mo máa ń béèrè: ṣé Amẹ́ríkà á jẹ́ kó jáde, ṣé ibi tó ń lọ á jẹ́ kó wọlé? Owó gbàǹjo yẹn ló rọrùn jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà.

Bó ṣe ń dé ọjà rèé. Tí sójà Amẹ́ríkà bá ti lo ọkọ̀ títí tí wọn ò fẹ́ ẹ mọ́, Defense Logistics Agency, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ẹrù àwọn ológun, ló máa gbà á lọ́wọ́ wọn, GovPlanet ló sì ti ń bá wọn lu púpọ̀ nínú ẹ̀ ní gbàǹjo lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tẹ́ ẹ máa rí jù ni M35, tí àwọn òyìnbó ń pè ní deuce and a half, baba arúgbó nìyẹn, láti nǹkan bí ọdún 1950 ni irú ẹ̀ ti wà lójú títì. M923 náà wà, tọ́ọ̀nù márùn-ún nìyẹn, ọdún 1980 sókè ni wọ́n ṣe é, ẹ́ńjìnnì Cummins ló ní. LMTV tí nọ́ńbà ẹ̀ ń jẹ́ M1078 ló kéré lọ́jọ́ orí, Sealy ní Texas ni wọ́n ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀, ara ọkọ̀ Steyr ti ilẹ̀ Austria ni wọ́n sì ti mú àwòrán ẹ̀. Èyí tẹ́ ẹ bá rí tó ní irin tí ọta ò lè wọ̀ lára, tàbí tó ní ibi tí wọ́n ń gbé ìbọn lé, ẹ kọjá lára ẹ̀, òfin tiẹ̀ le ju gbogbo nǹkan tí mo fẹ́ sọ níbí lọ.

Tí wọ́n bá ta á fún yín, ìwé ọkọ̀ kọ́ ni wọ́n máa kó lé yín lọ́wọ́. SF-97 ni, foòmù ìjọba tẹ́ ẹ máa mú lọ sí DMV, ọ́fíìsì tó ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ yín, kí wọ́n lè fi ṣe ìwé ọkọ̀ fún yín. Àwọn ọkọ̀ kan tún wà tí wọ́n á ní kẹ́ ẹ kọ End Use Certificate kí wọ́n tó yọ̀ǹda ẹ̀, níbẹ̀ lẹ ti máa sọ ẹni tẹ́ ẹ jẹ́, nǹkan tẹ́ ẹ fẹ́ fi ṣe, àti bóyá ẹ fẹ́ gbé e kúrò ní Amẹ́ríkà, wọ́n á lọ yẹ̀ yín wò, ìyẹn lè gba ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Ibí gan-an làwọn èèyàn wa ti máa ń gbọ́n àgbọ́njù. Wọ́n á kọ ọ́ pé oko ní Maryland ni wọ́n fẹ́ fi ṣiṣẹ́, nígbà tó jẹ́ pé ọkàn wọn ti wà ní Cotonou. Ẹ jọ̀ọ́, ìjọba àpapọ̀ lẹ ń bá sọ̀rọ̀ lórí foòmù yẹn o, irọ́ lórí ẹ̀ lè sọ èèyàn sẹ́wọ̀n, kì í ṣe ọ̀rọ̀ fáìnì lásán.

Wàyí o, láísẹ́ǹsì. Ibí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ dúró sí dáadáa torí ẹ̀ ni mo ṣe jókòó kọ gbogbo èyí. Camry tàbí Mack tòkunbọ̀ lásán, tí ìwé ẹ̀ bá ti pé, ẹ lè gbé e lọ sí Nàìjíríà láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọkọ̀ sójà ò rí bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n dìídì ṣe fún iṣẹ́ ológun, bí ò tiẹ̀ ní ìbọn, bí wọ́n tiẹ̀ ti kùn ún ní pupa tàbí búlúù, ó sábà máa ń bọ́ sábẹ́ nọ́ńbà kan tí wọ́n ń pè ní 0A606 nínú ìwé òfin Bureau of Industry and Security, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń fúnni ní láísẹ́ǹsì láti kó irú ẹrù bẹ́ẹ̀ jáde, tí gbogbo èèyàn ń pè ní BIS. Ohun tó bá sì ti bọ́ síbẹ̀, àyàfi Kánádà, ibi yòówù tẹ́ ẹ bá ń gbé e lọ ẹ máa gba láísẹ́ǹsì. Wọ́n á máa bá mi jiyàn pé "ọ̀gá, ọkọ̀ ẹlẹ́rù lásán mà ni, kò níbọn", mo gbọ́, ṣùgbọ́n òfin yẹn ò béèrè ìbọn lọ́wọ́ yín, ohun tí wọ́n torí ẹ̀ ṣe ọkọ̀ náà ló ń béèrè.

Ìtọrọ láísẹ́ǹsì yẹn, ọ̀fẹ́ ni, BIS kì í gba kọ́bọ̀, orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ti máa ṣe é níbi tí wọ́n ń pè ní SNAP-R. Tí ẹnìkan bá ní kẹ́ ẹ wá san owó ìjọba fún un, olè ni, owó iṣẹ́ ẹni tó bá yín kọ ọ́ nìkan ló yẹ kẹ́ ẹ san. Wọ́n máa béèrè orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tó máa lo ọkọ̀ náà gan-an, iṣẹ́ tó fẹ́ fi ṣe, ẹni tó ń gbà á lọ́nà, gbogbo ẹ̀. Wọ́n lè gbé e fún àwọn iléeṣẹ́ ìjọba mìíràn, bíi ti ọ̀rọ̀ òkèèrè àti ti ológun, káwọn náà wò ó. Òfin ti sọ pé kí wọ́n parí ẹ̀ láàárín 90 ọjọ́, àmọ́ tí wọ́n bá bi yín ní ìbéèrè, wọn kì í ka ọjọ́ tí wọ́n fi ń dúró de ìdáhùn yín. Ní gbogbo ìgbà yẹn, ibo lọkọ̀ wà? Yáàdì ibi tẹ́ ẹ ti rà á ò ní gbà á kó sùn síbẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n fún yín láti gbé e ò tó nǹkan, tó bá ti kọjá, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ka owó ilẹ̀ lójoojúmọ́. Torí náà ẹ wá ibi tó máa dúró sí kẹ́ ẹ tó bídì, kẹ́ ẹ sì bá ẹni tó mọ òfin export control dáadáa sọ̀rọ̀, kì í ṣe ọmọ ìyá yín tó ń gbé mọ́tò láti New Jersey.

Ó ku Nàìjíríà. Ẹ má bínú sí mi, tí wọ́n bá ní Èkó ni, mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n fi owó wọn sápò. Kọ́sítọ́ọ̀mù Nàìjíríà ò gba ọkọ̀ àlòkù tó bá ti lé ní ọdún 12 láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é, ẹ wá wo ọjọ́ orí àwọn tí mo kà sókè yẹn, M35 ti lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n ẹni tó fẹ́ rà á. Ìyẹn nìkan kọ́, ohun tó bá jẹ mọ́ ológun, ìwé àṣẹ gbọ́dọ̀ ti ọ́fíìsì National Security Adviser ní Àbújá wá, ẹ sì rò ó wò ná, tani wọ́n fẹ́ fún, onígẹdú Ọ̀rẹ́ tó fẹ́ fi ṣe agbégilódò? Àwọn kan á ní àwọn á gbà á Cotonou tàbí Lomé kí wọ́n wá wa á wọlé. Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2017 ni ìjọba ti fòfin de kíkó ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé, láísẹ́ǹsì Amẹ́ríkà yẹn náà sì máa ní orúkọ ilẹ̀ tó ń lọ lórí, tẹ́ ẹ bá kọ Benin tó wá yọjú ní Ṣàgámù, ẹ ti rú òfin níbí náà nìyẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London tẹ́ ẹ ń wo Bedford àlòkù sójà wọn, tiyín tún ní ti sítíá ọwọ́ ọ̀tún nínú, láti 1972 ni Nàìjíríà ti ń wakọ̀ lápá ọ̀tún títì, ìjọba UK náà sì ní láísẹ́ǹsì tiwọn fún ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ológun. Tó bá jẹ́ pé iṣẹ́ oko tàbí iṣẹ́ gẹdú lẹ fẹ́ ṣe nílé, Mack tàbí Mercedes tí wọ́n ṣe fún èèyàn lásán tí ọjọ́ orí ẹ̀ ò tíì kọjá ààlà, ẹ lọ ra ìyẹn, páátì ẹ̀ kún Ládípọ̀.

Àwọn wo ló wá ń gbé e? Àwọn tó ń kó ọkọ̀ àtijọ́ jọ ní Bírítéènì, ní Jámánì, ní Australia, àti àwọn tó fẹ́ sọ LMTV di ilé tí wọ́n á fi máa rin ayé kiri. Ní UK, ọkọ̀ tó bá ti lé ní 30 ọdún tí wọn ò tíì yí padà, tí kọ́sítọ́ọ̀mù bá gbà pé ohun ìtàn ni, VAT ẹ̀ lè wálẹ̀ sí 5 nínú ọgọ́rùn-ún láìsí owó ibodè lórí, ìyẹn ni M35 ṣe máa ń dùn mọ́ wọn. Australia ní tiẹ̀, ẹrùpẹ̀ díẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀, wọ́n á ní kẹ́ ẹ lọ fọ̀ ọ́ lówó ńlá, asbestos nínú bíréèkì tàbí gáàsíkẹ́ẹ̀tì, wọn ò ní gbà á rárá.

Tẹ́ ẹ bá wà nínú irú wọn, ó yá, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ọkọ̀ fúnra ẹ̀. Ọ̀dà tuntun kò túmọ̀ sí nǹkan kan, sójà lè kun ọkọ̀ lónìí kí wọ́n jù ú nù lọ́la. Ẹ wo ara táyà, nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn DOT ló máa sọ ọjọ́ orí ẹ̀, 0406 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹrin ọdún 2006, táyà bẹ́ẹ̀ lè ní ojú dáadáa kó sì ti gbó láti inú, mẹ́fà sì ni M923A1 àti A2 ń lò, owó ńlá ni. Ti M35A2, ẹ́ńjìnnì ẹ̀ lè jẹ dísù, ó lè jẹ kẹrosíìnì, ó tún lè jẹ epo bàálù, gbogbo èèyàn ló ń yọ̀ sí ìyẹn, àmọ́ bíréèkì ẹ̀ ni kẹ́ ẹ bi mí léèrè: ọ̀nà kan ṣoṣo ni òróró bíréèkì ẹ̀ ń gbà dé gbogbo ẹsẹ̀, tí páìpù kan bá bẹ́, ẹ ò ní bíréèkì kankan mọ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé kẹ́ ẹ wa á láti yáàdì dé pọ́ọ̀tù, ẹ gba lowboy, tírélà tí ẹ̀yìn ẹ̀ rẹlẹ̀, kó gbé e.

Kò lè wọ kòǹténà. Ẹnu ọ̀nà kòǹténà ò ju bíi mítà 2.34 lọ ní fífẹ̀, M35 àti LMTV tó 2.44, M923 tún fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Torí náà RoRo ni, ìyẹn ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n ń wa mọ́tò wọ̀ gẹ́rẹ́, tàbí flat rack tí ò ní ògiri. Bẹ́ẹ̀, RoRo kì í fi ìwúwo nìkan gbowó, àyè tẹ́ ẹ gbà ni wọ́n ń kà, gígùn lọ́nà fífẹ̀ lọ́nà gíga, wọ́n á pè é ní kúbíìkì mítà. M923 máa ń súnmọ́ 58. Ti M35 ló dára jù, gígùn ẹ̀ bíi mítà 6.7, fífẹ̀ ẹ̀ 2.4, tẹ́ ẹ bá fi tapólì àti irin tó gbé e dúró sílẹ̀ bó ṣe wà, gíga ẹ̀ á súnmọ́ 2.8, gbogbo ẹ̀ á tó 45. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣe é kó lè kúrú: ẹ ká orí kábù kúrò, ẹ dojú gíláàsì iwájú dé, ẹ yọ àwọn irin ẹ̀yìn, ó lè wálẹ̀ dé bíi 2.1, kúbíìkì á di bíi 34. Kúbíìkì mọ́kànlá ti jábọ́ nínú èyí tẹ́ ẹ máa sanwó fún, iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan péré sì ni. Ẹ ṣe é kó tó wọ pọ́ọ̀tù o, torí bó bá ṣe wọlé ni wọ́n ṣe máa wọ̀n ọ́n, ẹ sì béèrè lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi bóyá wọ́n á jẹ́ kẹ́ ẹ so àwọn irin tẹ́ ẹ yọ mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀, torí ọ̀pọ̀ wọn ò fẹ́ rí ẹrù kankan nínú ọkọ̀.

Ní pọ́ọ̀tù, nǹkan tó máa ń fa wàhálà jù ni pé dírẹ́bà wọn ò mọ ọkọ̀ sójà wà. Wọ́n á béèrè kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ sójà ò sì ní kọ́kọ́rọ́, súìṣì lásán ni wọ́n ń yí. Bátìrì ẹ̀ tún jẹ́ fólútì 24, wọ́n á gbé jump box, bátìrì àgbérìn tí wọ́n fi ń ta ọkọ̀, ti fólútì 12 wá, kò ní ta pútú. M923, tí afẹ́fẹ́ ò bá tíì kún táǹkì ẹ̀, bíréèkì ò ní tú, dírẹ́bà á sọ pé ó ti há, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọkọ̀ tí ò rìn, owó ọkọ̀ tí ò rìn sì yàtọ̀ pátápátá torí wọ́n á fi nǹkan fà á. Ẹ kọ bí wọ́n ṣe ń tan iná ẹ̀, bí wọ́n ṣe ń pa á, àti bí wọ́n ṣe ń dúró de afẹ́fẹ́, ní Òyìnbó gbàgàdà, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì tàbí sítíá. Bátìrì tuntun, epo tí ò ju ìdámẹ́rin táǹkì lọ. Wáyà slave cable tí wọ́n fi ń yá iná lára ọkọ̀ sójà mìíràn àti irinṣẹ́, ẹ kó o dání lọ sílé, tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀ ẹ ò ní bá a.

Kọ́sítọ́ọ̀mù Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ rí ọkọ̀ àti ojúlówó ìwé ẹ̀, ó kéré tán wákàtí 72 kó tó jáde, ẹ sì gbọ́dọ̀ ti fi ọ̀rọ̀ ẹ̀ wọlé sínú AES, ibi tí ìjọba ti ń kọ ẹrù tó ń jáde sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ lè rí nọ́ńbà ẹ̀rí tí wọ́n ń pè ní ITN gbà. Àwọn ọkọ̀ yìí kì í sábà ní VIN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀, onínọ́ńbà 17, nọ́ńbà séríà kúkúrú ló wà lára irin pẹlẹbẹ inú kábù, torí náà ẹ ya fọ́tò irin yẹn, kẹ́ ẹ rí i pé nọ́ńbà kan náà ló wà lórí SF-97, lórí ìwé ọkọ̀, lórí láísẹ́ǹsì àti nínú AES. Orúkọ ẹni tó ń gbà á náà ńkọ́? Èyí tó wà lórí láísẹ́ǹsì ló gbọ́dọ̀ wà lórí bill of lading, ìwé ẹrù tí iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi máa fún yín. Tẹ́ ẹ bá ti tà á fún ẹlòmíì nígbà tó ṣì wà ní pọ́ọ̀tù, ẹ padà lọ bá BIS kó tó wọkọ̀, torí láísẹ́ǹsì tó wà lọ́wọ́ yín ò mọ ẹni yẹn rí.