Orúkọ ìdílé yín lè má jẹ́ orúkọ bàbá ńlá yín

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní Badagry níbí ni pé mo máa ń báwọn èèyàn wádìí ibi tí bàbá ńlá wọn ti ṣẹ̀ wá, orúkọ ìdílé ni wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ gbé wá, "ẹ bá wa wá orúkọ yìí nínú ìwé." Orúkọ yẹn gan-an ló ń ṣì wọ́n lọ́nà.

Ẹ wo Àjàyí Crowther. Òṣoògùn ni wọ́n bí i sí, wọ́n kó o lẹ́rú lọ́dún 1821, ọkọ̀ ogun òyìnbó gbà á sílẹ̀ lórí òkun lọ́dún 1822, wọ́n gbé e lọ Freetown ní Sàró (Sierra Leone), ìgbà tó ṣèrìbọmi lọ́dún 1825 ló tó di Samuel Crowther, orúkọ àlùfáà kan ní Lọ́ńdọ̀n ni wọ́n fún un. Ẹni tó bá wá Crowther lọ sí Òṣoògùn, ta ló fẹ́ bá níbẹ̀? Bẹ́ẹ̀ lọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀ àwọn tá à ń pè ní Sàró rí, ìyẹn àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lóko ẹrú àtàwọn ọmọ wọn, tó ti Sàró gba etí òkun wa yìí wọlé padà.

Torí náà, àgbà ilé ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ bá, kẹ́ ẹ tan fóònù kó máa gbohùn sílẹ̀. Ẹ bi wọ́n ní oríkì, èèwọ̀, òrìṣà ilé, irú ilà tó wà lójú bàbá. Tó bá jẹ́ ọmọ Ògù ni yín, ẹ béèrè àdúgbò, ṣé Jegba ni àbí Ahovikoh àbí Posukoh. Màmá kan sọ fún mi pé àwọn ò mọ ìlú kankan mọ́, a ti ń múra àtilọ, ni ọmọ-ọmọ wọn bá kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í kì í, mo sì gbọ́ "ìjàkadì lorò Ọ̀fà". Ara mi bù máṣọ! Ìlú tá a ti ń wá látàárọ̀ nìyẹn, ẹnu wọn ló wà.

Lẹ́yìn ìyẹn lẹ wá lè lọ síbi ìwé. Ìjọ Wẹ́sílì (Mẹ́tọ́díìsì) dé Badagry lọ́dún 1842, CMS, ìyẹn ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ìjọ Áńgílíkà, dé lọ́dún 1845, nínú rẹ́jísítà ìrìbọmi irú ṣọ́ọ̀ṣì bẹ́ẹ̀ lẹ máa rí ọjọ́, orúkọ ọmọ, orúkọ bàbá àti ìyá, ibi tí wọ́n ń gbé, iṣẹ́ bàbá. Ibi tí wọ́n ń gbé o, kì í ṣe ibi tí wọ́n bí wọn sí, ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣi èyí kà tí wọ́n á sì máa sọ pé Badagry ni orírun wọn. Àwọn ìwé CMS àti fáìlì ìjọba ayé àtijọ́ nípa Badagry wà ní National Archives nínú Yunifásítì Ìbàdàn.

Tó bá jẹ́ ẹni tí wọ́n gbà sílẹ̀ lórí omi ni, rẹ́jísítà tí wọ́n kọ orúkọ wọn sí ní Freetown ló ṣe pàtàkì jù, torí orúkọ tó fẹnu ara ẹ̀ sọ ni wọ́n kọ, pẹ̀lú ọjọ́ orí, bó ṣe ga tó, nígbà míì ilà ara ẹ̀. Ó lé ní 91,000 irú orúkọ bẹ́ẹ̀ tó ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n bétí akọ̀wé ṣe gbọ́ ọ ló ṣe kọ ọ́, àní Abẹ́òkúta pàápàá, Abbeokuta ni wọ́n ń kọ, torí náà ẹ pe orúkọ yẹn jáde lẹ́nu dáadáa, ẹ má fojú nìkan kà á. Tẹ́ ẹ bá sì rí "Aku", kì í ṣe orúkọ ìlú, orúkọ tí wọ́n ń pe gbogbo Yorùbá ní Sàró ni, látinú "ẹ kú" tá a fi ń kíra wa.