Ta ló ni ìdíje ṣẹ́ẹ̀sì: olówó, àjọ àbí ọ̀ta?

Ìdíje ṣẹ́ẹ̀sì àwọn ọ̀ta kì í sábà pa owó tó tó ná wọlé. Èrò kì í ya wá wo ènìyàn méjì tó jókòó dákẹ́ fún wákàtí márùn-ún. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé olówó kan tó fẹ́ràn eré náà ló sábà máa ń gbé e ró. Rex Sinquefield ló ń náwó sí ìdíje tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní St. Louis láti 2013. Joop van Oosterom, ará Netherlands, fi orúkọ ọmọbìnrin rẹ̀, Melody Amber, pe tirẹ̀. Ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe é láti 1992 títí di 2011.

Ìjà sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ níbi tí olówó ti rò pé òun ti ra gbogbo rẹ̀. Ní 1961, Bobby Fischer, ọmọ ọdún 18, àti Samuel Reshevsky ń figagbága ní Amẹ́ríkà. Ayò 16 ni wọ́n fẹ́ ta. Jacqueline Piatigorsky, ọmọ ìdílé olówó Rothschild tí òun náà ń ta ṣẹ́ẹ̀sì, wà lára àwọn tó ń náwó sí i. Reshevsky kì í ta lọ́jọ́ Sábáàtì, nítorí náà wọ́n sún ayò kejìlá sí ọ̀sán ọjọ́ Àìkú. Ṣùgbọ́n ọkọ ìyá yìí, tó ń ta sẹ́lò, ní eré orin lọ́sàn-án ọjọ́ kan náà, ìyàwó rẹ̀ sì fẹ́ lọ wò ó. Ni wọ́n bá tún fà á sí aago mọ́kànlá àárọ̀. Fischer, tí kì í tètè jí, kò yọjú. 5½ sí 5½ ni wọ́n wà tẹ́lẹ̀. Wọ́n gbé ìborí fún Reshevsky, Fischer sì gba ilé ẹjọ́ lọ. (Ní 1966, Fischer kan náà lọ ta nínú ìdíje ìyá yìí ní Santa Monica, ó sì ṣe ipò kejì. Ìbínú ọ̀ta kì í pẹ́ bí ẹ̀bùn bá pọ̀.)

Oyè tún le ju aago lọ. Nígbà tí Jan Henric Buettner, olówó ará Jámánì, ń ṣètò ọ̀wọ́ ìdíje Freestyle ti 2025 (ṣẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ń da ipò àwọn ọmọ ayò ẹ̀yìn rú kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀), FIDE, àjọ ṣẹ́ẹ̀sì àgbáyé, ní òun nìkan ló lè pe ènìyàn ní ọ̀gá àgbáyé.

Ká ní ọmọ Àkúrẹ́ kan tó rí jájẹ l'Ékòó fẹ́ gbé irú rẹ̀ wá sílé. Ó lè gba Dome tàbí gbọ̀ngàn Adégbẹ́mílẹ̀, kó gba yàrá hòtẹ́ẹ̀lì ní Alágbàká, kó sì ra dísù sínú jẹnẹrétọ̀. Rétíǹgì, iye tó ń fi bí ọ̀ta ṣe lágbára tó hàn, ni kò lè dá rà. Àjọ ṣẹ́ẹ̀sì Nàìjíríà ló gbọ́dọ̀ forúkọ ìdíje sílẹ̀ lọ́dọ̀ FIDE kó tó bẹ̀rẹ̀. Olówó tó bá fo àjọ lè pín ife-ẹ̀yẹ o, ṣùgbọ́n rétíǹgì ẹnikẹ́ni kò ní yí padà. Bó bá sì fẹ́ kí ọmọ ìlú rẹ̀ tibẹ̀ sún mọ́ oyè Grandmaster, èyí tó ga jù tí FIDE ń fún ọ̀ta, ọmọ náà gbọ́dọ̀ ta ó kéré tán ayò mẹ́sàn-án, kó pàdé Grandmaster mẹ́ta ó kéré tán, kí àwọn àjèjì sì wà níbẹ̀. Owó ọkọ̀ òfuurufú nìyẹn.

Bí ẹni tó ra màlúù ìnáwó òkú ni olówó yìí ṣe máa ń ṣe: òun ló fẹ́ mú ọjọ́. Ọjọ́ ìbí rẹ̀ sì lè bọ́ sí àárín ìdánwò FUTA, kí ìdajì àwọn ọ̀ta ìlú má lè wá. Kí àríyànjiyàn tó dé, ó yẹ kí ìwé àdéhùn ti sọ ẹni tó ń mú ọjọ́, ẹni tó ń pe àwọn ọ̀ta, àti ibi tí owó ẹ̀bùn wà. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló ń fa ariwo jù, torí náà ó sàn kí owó náà ti wà ní báńkì kí ẹnikẹ́ni tó sún ọmọ ayò àkọ́kọ́.