Iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe Irwin, Turrell àti Wortz

Iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe Irwin, Turrell àti Wortz jẹ́ ìwádìí lórí ojú, etí àti òye tí oníṣẹ́-ọnà méjì, Robert Irwin (1928–2023) àti James Turrell (tí a bí ní 1943), bá Edward Wortz ṣe ní Los Angeles, Amẹ́ríkà, láàárín 1968 sí 1969. Onímọ̀ ìṣesí ẹ̀dá ni Wortz ní Garrett, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ohun èlò ọkọ̀ òfuurufú, níbi tó ti ń wádìí ohun tí rírìn lórí òṣùpá lè ṣe fún ara ènìyàn. LACMA, mùsíọ́mù iṣẹ́-ọnà ní Los Angeles, ló pa wọ́n pọ̀, lábẹ́ Art and Technology, ètò tó ń so oníṣẹ́-ọnà pọ̀ mọ́ ilé-iṣẹ́, tí Maurice Tuchman darí.

Yàrá tí kì í dá ohùn padà

Ní yunifásítì UCLA, wọ́n lo yàrá kan tí ògiri rẹ̀ ń mu ohùn. Ẹni tó bá wọlé á jókòó nínú òkùnkùn biribiri fún ìgbà pípẹ́. Bí etí kò bá ti rí nǹkan gbọ́ níta, ohun inú ara ló kù fún un láti gbọ́: èémí àti lílù ọkàn. Irwin sọ lẹ́yìn náà pé bí òun ṣe jáde, igi àti ilé kò rí bákan náà lójú òun mọ́.

Ganzfeld

Ọ̀rọ̀ Jámánì yìí túmọ̀ sí “gbogbo pápá”, ìyẹn kí ìmọ́lẹ̀ tó dọ́gba gba gbogbo ibi tí ojú lè rí. Kì í ṣe àwọn mẹ́ta yìí ló kọ́kọ́ wádìí rẹ̀. Wolfgang Metzger, onímọ̀ ìṣesí ẹ̀dá ará Jámánì, ti ṣe é ní àwọn ọdún 1930. Bí a ṣe sábà ń dán an wò kò le: a ó gé bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì orí tábìlì sí méjì, a ó fi ààbọ̀ kọ̀ọ̀kan bo ojú kọ̀ọ̀kan, a ó wá tan iná pupa síwájú ẹni náà. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, pupa náà á ṣá di àwọ̀ eérú. Àwọn mìíràn kì í mọ̀ mọ́ bóyá ojú àwọn là tàbí ó pa dé, àwọn kan sì ń rí àwòrán tí kò sí níbẹ̀. Ìdí ni pé ìyàtọ̀ ni ojú ń jíṣẹ́ rẹ̀ fún ọpọlọ, ìyẹn ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti pàdé òjìji. Bí gbogbo rẹ̀ bá dọ́gba, kò sí iṣẹ́ tí ojú máa jẹ́.

Àbájáde

Turrell yọwọ́ ní 1969. Wọn kò ṣe iṣẹ́-ọnà kankan fún ìpàtẹ LACMA ti 1971, àmọ́ Irwin àti Wortz ṣe àpérò kan ní 1970 lórí àyíká tí ènìyàn ń gbé.

Ó jọ pé inú yàrá ìmọ́lẹ̀ tí Turrell ṣe lẹ́yìn náà ni ipa ìwádìí yìí ti hàn jù. Nínú *Pleiades* (1983), ní Pittsburgh, òǹwòran ní láti jókòó sínú òkùnkùn fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 kí ojú rẹ̀ tó rí ohunkóhun. Ní ìpàtẹ kan ní New York ní 1980, òǹwòran kan fara ti ohun tó pè ní ògiri. Ìmọ́lẹ̀ lásán ni. Ó ṣubú, ọ̀rọ̀ náà sì dé kóòtù.