Kíkọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ bí a ṣe ń ya àwòrán ohun àìlẹ́mìí

Àwòrán ohun àìlẹ́mìí ni àwòrán tí ayàwòrán yà nígbà tí ó to àwọn ohun tí kò lè mira fúnra wọn, bí ife, ìgò, èso, ìwé tàbí bàtà, sórí tábìlì, tí ó sì jókòó tì wọ́n tí ó ń wò wọ́n. Ní Nẹ́dálándì, láàárín ọdún 1600 sí 1700, ni irú àwòrán yìí ti gbilẹ̀ tí ó sì di ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà tó dá dúró. Ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ ti wà láàárín ọdún 6 sí 12, ohun tí olùkọ́ ń lépa jù lọ ni kí ọmọ mọ bí a ṣe ń fara balẹ̀ wo nǹkan, kí ọwọ́ rẹ̀ sì máa tẹ̀lé ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ìgò kì í sún kẹ́rẹ́, kì í sì í rẹ̀ ẹ́ láti dúró, ìdí nìyẹn tí ó fi rọ ọmọ lọ́rùn láti yà ju ènìyàn tàbí ẹranko lọ.

Ohun tí ọmọ ti mọ̀ ni ó máa ń dí i lọ́wọ́ jù nínú iṣẹ́ yìí. Ní ọdún 1927, Georges-Henri Luquet, onímọ̀ ará Faransé, ṣàlàyé pé ohun tí ọmọ kékeré mọ̀ nípa nǹkan ni ó máa ń yà, kì í ṣe bí nǹkan náà ṣe hàn sí i láti ibi tí ó jókòó sí. Àwọn olùwádìí méjì, Freeman àti Janikoun, dán irú ọ̀rọ̀ yìí wò ní ọdún 1972. Wọ́n gbé ife kan síwájú àwọn ọmọ ọdún 5 sí 9, wọ́n yí ọwọ́ ife náà sẹ́yìn kí ó má bàa hàn, wọ́n sì jẹ́ kí òdòdó tó wà lára rẹ̀ kọjú sí ọmọ. Àwọn tí kò tíì pé ọdún 8 sábà máa ń ya ọwọ́ ife tí wọn kò rí, wọ́n sì ń fo òdòdó tí ó wà níwájú wọn. Àwọn tí ó dàgbà jù wọ́n lọ ni ó fi ọwọ́ ife sílẹ̀. Ó jọ pé lójú ọmọ kékeré, ọwọ́ ni ó sọ ife di ife, nígbà tí òdòdó kàn jẹ́ ẹ̀ṣọ́ lásán.

Olùkọ́ tó bá rìn yí kíláàsì ká yóò rí irú ife kan náà lórí ìwé púpọ̀: ẹnu rẹ̀ rí róbótó bí òṣùpá àrànmọ́jú, ìdí rẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹni fi rúlà fà á. Ọmọ kò ṣàdédé yà á bẹ́ẹ̀. Ó mọ̀ pé ẹnu ife rí róbótó, ó sì mọ̀ pé orí tábìlì tó tẹ́ ni ife wà. Òótọ́ ni méjèèjì, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí ènìyàn lè jókòó sí tí yóò ti rí wọn bẹ́ẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àlàyé ẹnu kì í fi bẹ́ẹ̀ tán ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni kí ọmọ gbé ife sókè títí ẹnu rẹ̀ yóò fi bá ojú rẹ̀ dọ́gba, kí ó di ojú kan, kí ó sì wò ó: ẹnu ife yóò ti di ìlà kan ṣoṣo. Bí ó bá ń rọra sọ ọ́ kalẹ̀, ìlà náà yóò máa là, yóò kọ́kọ́ rí bí ojú ẹni tó ń tòògbé, yóò sì máa fẹ̀ sí i títí yóò fi rí róbótó nígbà tí ọmọ bá ń wo inú ife náà láti òkè tààrà. Ọmọ tí ó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe èyí lẹ́ẹ̀mejì yóò padà sídìí ìwé rẹ̀, yóò sì ṣàtúnṣe ẹnu ife láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un.

Àṣà kejì ni kí ọmọ to gbogbo nǹkan ní ẹsẹẹsẹ, kí ọ̀kan má kan èkejì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n bo ara wọn lórí tábìlì. Àtúnṣe rẹ̀ kò le: kí ọmọ kọ́kọ́ ya èyí tó wà níwájú tán, kí ìlà èyí tó wà lẹ́yìn sì dúró níbi tí ó bá ti kan án, bí ìgbà tí ẹni tó ń rìn bá kan ògiri.

Èrò àwọn olùkọ́ kò ṣọ̀kan lórí ọ̀nà tí ó yẹ kí a gbà kọ́ ọmọ ní àwòrán, àti lórí ọjọ́ orí tí ó yẹ kí a bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà fi yíya àwòrán sínú òfin ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní ọdún 1870, ohun tí àwọn onílé-iṣẹ́ ń fẹ́ ni òṣìṣẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ gún, nítorí náà fífa ìlà àti wíwo àwòrán ẹlòmíràn yà ni ó pọ̀ nínú ẹ̀kọ́ náà. Franz Cizek, tí ó dá kíláàsì àwòrán sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé ní ìlú Vienna ní Austria ní ọdún 1897, gba ọ̀nà mìíràn, ó ní kí ọmọ yà láti inú ọkàn rẹ̀. Ní ọdún 1947, Viktor Lowenfeld, onímọ̀ nípa ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà, pín ìdàgbàsókè àwòrán ọmọdé sí ìpele: láti nǹkan bí ọdún 7 sí 9, ọmọ ní àmì kan pàtó tí ó fi ń ya igi, ilé tàbí ènìyàn, ó sì tó nǹkan bí ọdún 9 kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ kí àwòrán rẹ̀ jọ ohun tí ojú ń rí. Àwọn kan ti tìtorí èyí fi àwòrán ohun àìlẹ́mìí sílẹ̀ fún àwọn kíláàsì òkè nìkan. Ìyẹn ti le jù. Ọmọ ọdún 6 lè rí ìránpọ̀ ara bàtà, kí ó sì ka ihò tí okùn rẹ̀ gbà kọjá. Bí nǹkan ṣe ń kéré sí i bí ó bá ti jìnnà ni kò tíì yé e. Ní nǹkan bí ọdún 9 tàbí 10 ni ẹ̀kọ́ náà wúlò jù, nítorí ìgbà yẹn ni ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń wo iṣẹ́ ara wọn tí wọ́n á ní àwọn kò mọ àwòrán yà.

Nǹkan méjì tàbí mẹ́ta tó fún àwọn ọmọ kékeré, àwọn àgbà inú wọn sì lè gba márùn-ún. Ó dára kí gíga wọn yàtọ̀, kí wọ́n má sì wà ní ìlà kan. Bí iṣẹ́ náà yóò bá gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìgò sàn ju òdòdó lọ, nítorí òdòdó á rọ kí ọmọ tó parí rẹ̀. Giorgio Morandi, ayàwòrán ará Ítálì, fi ọ̀pọ̀ ọdún ya ìgò àti ìkòkò kan náà nínú yàrá rẹ̀ ní Bologna, tí ó kàn ń yí ipò wọn padà. Kí olùkọ́ fi ṣọ́ọ̀kì yí ìdí nǹkan kọ̀ọ̀kan ká lórí tábìlì, nítorí kò sí kíláàsì tí ẹnìkan kì í ti í fara gbá tábìlì. Ìmọ́lẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, ìbáà jẹ́ láti ojú fèrèsé tàbí láti inú tọ́ọ̀ṣì, ni ó máa ń jẹ́ kí òjìji hàn ketekete. Òjìji méjì ni ọmọ yóò sì wá: èyí tó wà lára nǹkan náà fúnra rẹ̀ àti èyí tí nǹkan náà jù sórí tábìlì. Bí ọmọ bá gbàgbé èyí kejì, ife rẹ̀ á dà bí ohun tó ń léfòó.

Kí pẹ́ńsù tó kan ìwé, àwọn ọmọ yóò kọ́kọ́ fi ìka tẹ̀lé etí nǹkan náà nínú afẹ́fẹ́. Lẹ́yìn náà, a lè ki pẹ́ńsù bọ àárín páálí pẹlẹbẹ kan tí yóò bo ọwọ́ mọ́ ọmọ lójú, kí ó lè máa wo ìgò dípò ìwé bí ó ti ń yà. Àwòrán tó bá jáde máa ń wọ́, àwọn ọmọ á sì rẹ́rìn-ín sí i, ṣùgbọ́n ìlà rẹ̀ sábà máa ń ní ẹ̀mí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Fún ọwọ́ ife, ó rọrùn láti ya àlàfo tó wà láàárín ọwọ́ náà àti ara ife, nítorí àlàfo kò ní orúkọ, ọmọ kò sì ní àmì kankan nílẹ̀ fún un.

Pẹ́ńsù 2B, tó rọ̀ ju HB tí a sábà fi ń kọ̀wé lọ, àti ìwé tí kò dán ti tó. Rọ́bà ìpàwé lè wà lọ́wọ́ olùkọ́ títí di ìdajì iṣẹ́, nítorí ọmọ tí ó ní in lọ́wọ́ a máa pa ju bí ó ti ń yà lọ.

Olùkọ́ kì í fi pẹ́ńsù tirẹ̀ kan iṣẹ́ ọmọ. Bí ó bá fẹ́ ṣàfihàn nǹkan, orí ìwé mìíràn ni yóò ti ṣe é. Àwọn ọmọ tó yí tábìlì kan ká kò lè rí ohun kan náà, nítorí náà kí olùkọ́ tó sọ pé àwòrán kan kò tọ̀nà, ó yẹ kí ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọmọ náà, kí ojú tirẹ̀ wà níbi tí ojú ọmọ wà. Àwọn olùkọ́ kan máa ń lẹ gbogbo iṣẹ́ náà mọ́ ògiri láìkọ orúkọ sí wọn, wọ́n á sì ní kí àwọn ọmọ wo ibi tí ọwọ́ ife kọjú sí nínú àwòrán kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fi mọ àga tí ẹni tó yà á jókòó sí.