Ìfìdíkalẹ̀ àwọn ogúnléndé

Ìfìdíkalẹ̀ ogúnléndé ni gbogbo ètò tí a fi ń mú ẹni tí ogun, inúnibíni tàbí rògbòdìyàn lé jáde ní orílẹ̀-èdè rẹ̀ dé ibi tí kò ti ní jẹ́ ogúnléndé mọ́. Oúnjẹ, àgọ́ àti oògùn ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Nǹkan wọ̀nyí ń gba ẹ̀mí là, ṣùgbọ́n ẹni náà lè máa gbà wọ́n fún ogún ọdún kó má kúrò lójú kan. Ọ̀nà mẹ́ta ni àjọ UNHCR, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1951, ń tọ̀ láti parí ọ̀rọ̀ náà: kí ogúnléndé padà sílé tìfẹ́tìfẹ́, kí ó di ará ìlú tí ó sá wá, tàbí kí orílẹ̀-èdè kẹta gbà á.

Ẹni tí ó sá kúrò nílé ṣùgbọ́n tí kò kọjá ẹnubodè orílẹ̀-èdè rẹ̀ kì í ṣe ogúnléndé lójú òfin àgbáyé. Àdéhùn Kampala ti 2009 ni àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà fi dáàbò bo irú wọn. Lẹ́nu àwa Yorùbá, orúkọ kan náà ni àwọn méjèèjì ń jẹ́, nítorí ogun ló lé àwọn méjèèjì dé.

Ìrírí Èkìtì

Ọ̀rọ̀ yìí ti kan ilẹ̀ Èkìtì kí òfin àgbáyé tó mẹ́nu bà á. Ní ọ̀rúndún 19, ogun tí Ìbàdàn, Ìlọrin àti Nupe ń gbé wọ ilẹ̀ náà tú ọ̀pọ̀ ìlú ká. Àwọn kan sá lọ fara pa mọ́ sórí òkè, wọ́n kó àwọn mìíràn lẹ́rú lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ìyà yìí, pẹ̀lú ìwà ipá àwọn ajẹ́lẹ̀, ìyẹn aṣojú tí Ìbàdàn fi sí àwọn ìlú náà, ló bí Ogun Kìríjì ní 1877, tí Fábùnmi Òkè-Ìmẹ̀sí àti Ògèdèǹgbé Ìlẹ́ṣà fi ṣaájú Èkìtìparapọ̀, ìyẹn àwọn ìlú Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti àwọn mìíràn tó parapọ̀ láti bá Ìbàdàn jà.

Ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1886 ni wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà. Ohun kan wà nínú ìwé náà tí àwọn tó ń sọ ìtàn ogun kì í sábà dúró lé lórí. Ọ̀tan, Ìrèsì, Àdá àti Ìgbájọ kù sọ́wọ́ Ìbàdàn, ṣùgbọ́n wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún ará ìlú wọ̀nyí tó bá fẹ́ kúrò pé kí ó kó lọ. Ó jọ ohun tí Àdéhùn Kampala ń béèrè lóde òní, pé kí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn fúnra rẹ̀ yan ibi tí yóò gbé. Síbẹ̀, ìwé kan ṣoṣo kò dá ẹnikẹ́ni padà sílé. Ó di 1893 kí àwọn ọmọ ogun tó tú àgọ́ wọn ká. Lára àwọn tó padà láti oko ẹrú ni a ti rí àwọn tó kọ́kọ́ mú ẹ̀sìn Kírísítẹ́nì wọ àwọn ìlú Èkìtì, títí kan Adó-Èkìtì. Wọ́n bọ̀ wálé, wọn kò sì bọ̀ lọ́wọ́ òfo.

Òfin

Àdéhùn Geneva ti 1951 ló sọ ẹni tí ogúnléndé jẹ́, ó sì ka dídá a padà síbi tí ẹ̀mí rẹ̀ ti wà nínú ewu léèwọ̀. Nàìjíríà wọ inú àdéhùn náà ní 1967. Àdéhùn Áfíríkà ti 1969 fẹ ìtumọ̀ náà lójú: ó kan ẹni tí rògbòdìyàn tó da ìlú rú lé jáde, bí kò tilẹ̀ sí ẹni tó dójú sọ òun gan-an. Òfin 52 ti 1989 ló dá àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.

Àgọ́ Òrù-Ìjẹ̀bú ní ìpínlẹ̀ Ògùn gba àwọn ará Làìbéríà láti 1990, àti àwọn ará Sierra Leone lẹ́yìn wọn, títí wọ́n fi tì í ní 2007. Lára àwọn tó yàn láti dúró ní Nàìjíríà, àwọn kan lo ẹ̀tọ́ ọmọ ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ẹ̀tọ́ tó jẹ́ kí ará orílẹ̀-èdè kan lè gbé kí ó sì ṣiṣẹ́ ní òmíràn. Láti òpin 2017, àwọn ará Kamẹrúùnù ló ń sá wọlé jù, Cross River, Benue, Taraba àti Akwa Ibom ló sì ń gbà wọ́n. Èkìtì ní tirẹ̀ kò bá orílẹ̀-èdè kankan pààlà, nítorí náà kì í ṣe ibẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń dé.

Ọ̀nà pé kí orílẹ̀-èdè kẹta gba ogúnléndé kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀: lọ́dọọdún, kò tó ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún ogúnléndé tí ó ń rí i.

Dídi ará ìlú

Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, abala 27, gba àjèjì láàyè láti di ọmọ Nàìjíríà lẹ́yìn ọdún 15 tó ti ń gbé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdún nìkan kò tó. Gómìnà ìpínlẹ̀ tí ó ń gbé gbọ́dọ̀ rí i pé àwọn ará àdúgbò gbà á, pé ó sì ti mọ ìṣe wọn. Ìyẹn ni pé, ẹni tó bá fẹ́ di ọmọ Nàìjíríà láti Ìkòlé tàbí Ìkẹ́rẹ́, ẹnu àwọn tí wọ́n jọ ń gbé kò ní ṣàì wọ ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Nínú ìgbé ayé ojoojúmọ́, ilẹ̀ ni ìdánwò náà. Òfin ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ sábẹ́ gómìnà, ṣùgbọ́n lábúlé, ọ̀dọ̀ olórí ẹbí tàbí ọba ni àlejò ṣì ń lọ. Wọn a fi ibi tí yóò dá oko sí hàn án, òun náà a máa san ìṣákọ́lẹ̀, ìyẹn owó tàbí irè oko tí a ń fún onílẹ̀. Ọ̀nà yìí ni ọ̀pọ̀ Ègbìrà tó wá ṣe àgbẹ̀ ní Èkìtì gbà rí oko dá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ ló gbé wọn wá, kì í ṣe ogun. Àlejò lè gbin iṣu, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́. Kòkó àti obì yàtọ̀, nítorí igi tó ń pẹ́ nílẹ̀ máa ń dà bí ẹ̀rí pé ilẹ̀ ti di ti ẹni tó gbìn ín, onílẹ̀ kì í sì í fẹ́ ìyẹn. Nítorí náà, ogúnléndé lè jẹun yó ní Èkìtì fún ọ̀pọ̀ ọdún láìní ohun kan tí ọmọ rẹ̀ lè jogún. Ibí ni àtìlẹ́yìn ti wúlò jù: kí àdéhùn wà ní kíkọ, kí àwọn ẹlẹ́rìí sì wà.

Iṣẹ́ ọwọ́ rọrùn ju ilẹ̀ lọ. Télọ̀ tàbí onídìrí tó ti mọ iṣẹ́ láti ìlú rẹ̀ lè tún un ṣe níbi tó dé. Ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ ni yóò kọ́kọ́ lọ bá; wọn a yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò, òun a san owó ẹgbẹ́, wọn a sì jẹ́ kó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Láti ọjọ́ yẹn, ìpàdé ẹgbẹ́ di dandan fún un, bí wọ́n bá sì bímọ nílé rẹ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni yóò kún ilé ìkómọ náà.