Pelvicachromis pulcher

Pelvicachromis pulcher jẹ́ ẹja odò kékeré kan nínú ìdílé Cichlidae, ìdílé kan náà tí èpìyà ti wá. Gúúsù Nàìjíríà ni ibùgbé rẹ̀, ó sì tún wà ní agbègbè etíkun Kamẹrúùnù. Kribensis ni àwọn tó ń sin ẹja sínú àpótí gíláàsì ń pè é káàkiri ayé, ṣùgbọ́n orúkọ ẹja mìíràn ni: Pelvicachromis kribensis, tí wọ́n fi ìlú Kribi ní Kamẹrúùnù sọ lórúkọ. George Albert Boulenger, onímọ̀ nípa ẹranko ní Lọ́ńdọ̀nù, ló kọ́kọ́ ṣàpèjúwe P. pulcher ní 1901. "Arẹwà" ni ìtumọ̀ pulcher lédè Látìnì, orúkọ náà sì yẹ ẹ́.

Akọ máa ń gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10. Abo kúrú jù ú lọ, ara rẹ̀ sì kún jù. Ilà dúdú kan gba ẹ̀gbẹ́ àwọn méjèèjì láti imú dé ìrù. Lẹbẹ ẹ̀yìn akọ ṣe ṣóńṣó lẹ́nu; ti abo rí roboto.

Inú odò tí kò yára ṣàn ni wọ́n ti sábà ń rí i, níbi tí ewé omi bá ti dí, bí odò Ethiope ní Ìpínlẹ̀ Delta. Omi ibẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó sì kan díẹ̀. Èéhọ̀, ewéko, ìdin kòkòrò àti àwọn ẹ̀dá wẹ́wẹ́ ìsàlẹ̀ odò ni oúnjẹ rẹ̀.

Nínú ẹja yìí, abo ló sábà máa ń dẹnu ìfẹ́ kọ akọ. Nígbà tí àkókò bá tó, ikùn rẹ̀ á pọ́n fòò, á tẹ ara kọrọdọ níwájú akọ, á sì máa gbọ̀n kí akọ lè rí ikùn náà. Inú ihò ni wọ́n máa ń yé sí. Òrùlé ihò ni abo ń lẹ ẹyin mọ́, wọ́n sì lè tó 200 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Abo á dúró tì wọ́n, á máa fi lẹbẹ fẹ́ omi sí wọn. Akọ á máa ṣọ́ ìta, á sì lé ẹja tó bá súnmọ́ tòsí. Ẹyin á pa lẹ́yìn ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Bí àwọn ọmọ bá ti lè lúwẹ̀ẹ́, bàbá àti ìyá á jọ máa kó wọn jẹ̀. Bí ewu bá dé, ìyá á gbọn ara fún wọn, gbogbo wọn á sì rì sí ìsàlẹ̀, wọn ò ní mira mọ́.

Ohun tó ṣàrà ọ̀tọ̀ jù lọ ni pé omi wà lára ohun tó ń pinnu bóyá ọmọ á di akọ tàbí abo. Bí omi bá kan gan-an láàárín ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan àkọ́kọ́, tí pH rẹ̀ (òṣùwọ̀n bí omi ṣe kan tó; bó bá ṣe kéré sí 7 tó ni omi ṣe kan tó) wà ní nǹkan bíi 5.5, akọ ló máa pọ̀ jù. Bó bá súnmọ́ 7, iye abo á pọ̀ sí i. Ìdí nìyí tí ẹni tó ń sìn ín fi lè rí i pé akọ nìkan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ kún àpótí òun.

Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń tà lágbàáyé lónìí ni wọ́n bí sínú àpótí tàbí adágún àtọwọ́dá, kì í ṣe èyí tí wọ́n mú lódò. Àwọn kan ti ń bí sí i nínú omi Hawaii ní Amẹ́ríkà, níbi tí èèyàn gbé wọn dé.