Wáyà tó ń pa mówà

Gbogbo ẹni tó bá ti wa mówà oníjòkòó, irú èyí tó ń gé koríko àwọn pápá ńláńlá l'Ádó-Èkìtì, ló mọ̀ pé téèyàn bá dìde lórí àga nígbà tí abẹ ṣì ń yí, ẹ̀rọ á kú. Bó ṣe ń kú gan-an ló ń da ọ̀pọ̀ ríwáyà láàmú.

Wáyà ìṣíná, èyí tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ ṣí, kò le. Iná á ti bátìrì 12V gba fíúùsì, kọ́kọ́rọ́, swíìṣì bíréèkì àti ti abẹ, kó tó dé solenoid tó ń gbé sítátà ṣiṣẹ́. Bí ìdáná ló rí: bàbá ìyàwó lè gbà, ẹbí ìyá lè gbà, bí ẹ̀gbọ́n kan péré bá kọ̀, ọkọ á ru iṣu rẹ̀ padà sílé. Tésítà á fi ẹni tó kọ̀ hàn kíákíá.

Wáyà pípa, èyí tó ń mú kí ẹ̀rọ kú, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Nínú ọ̀pọ̀ mówà tó ń lo bẹntiróòlù, magnẹ́tò ló ń pèsè iná púlọ́ọ̀gì fúnra rẹ̀, kò tọrọ lọ́wọ́ bátìrì. Swíìṣì àga, èyí tó ń mọ̀ bí awakọ̀ bá dìde, kì í já iná yìí. Ṣe ló ń so wáyà magnẹ́tò mọ́ irin ara ẹ̀rọ, tí iná á fi gba ibẹ̀ lọ láì dé púlọ́ọ̀gì. Nítorí náà, ẹni tí mówà rẹ̀ ń kú láìnídìí, tó wá ń wá ibi tí wáyà ti já, ohun tí kò sọnù ló ń wá. Wáyà tó bó tó ń fara kan irin ni kó wá, pàápàá lábẹ́ àga tó ń lọ sókè sódò, tàbí níbi tí eku ti jẹ ẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí wọ́n gbé mówà jù sí yàrá.

Kó yọ wáyà pípa kúrò lára ẹ́ńjìnnì, kó wo púlọ́ọ̀gì. Bí iná bá padà, wáyà tàbí swíìṣì ló ń ṣẹ̀. Bí kò bá padà, kó yẹ magnẹ́tò wò. Kó dá wáyà náà padà kó tó wa mówà, torí ọ̀nà yẹn ni kọ́kọ́rọ́ pàápàá ń gbà pa á.

Ibí yìí ni ọgbọ́n ẹni tó ṣe é ti kù díẹ̀. Bí wáyà ìṣíná bá já, ẹ̀rọ ò ní ṣí, kò séwu. Bí ti pípa bá já, ẹ̀rọ á máa ṣiṣẹ́ dáadáa, bí ẹni tí ara rẹ̀ le, títí awakọ̀ á fi dìde tí abẹ á ṣì máa yí. Àwọn tó ń gé wáyà àga kí iṣẹ́ lè yá nígbà òjò, irú ẹ̀rọ yìí gan-an ni wọ́n ń ṣe, wọ́n sì ń gbowó iṣẹ́ lé e.